Ẹ kí Màmá kí ẹ tó béèrè BP: ìtọ́sọ́nà fún ẹbí tó ní àgbàlagbà ẹlẹ́jẹ̀ ríru

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni fóònù àkọ́kọ́ máa ń dún nílé màmá mi l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti Èkó: "Ẹ káàárọ̀ mà, mélòó ni BP yín?" Bí wọ́n bá ṣe ń gbé e sílẹ̀ ni àbúrò mi á pè láti Manchester: "Mọ́mì, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Mélòó ló kà?" Èmi náà ò gbẹ́yìn. Ìfẹ́ la pè é. A ò mọ̀ pé láti aago mẹ́rin òru ni Màmá ti máa ń jí dúró de ìbéèrè wa. Wọn á so ẹ̀rọ tó ń wọn BP, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan, mọ́ apá, wọn á rí 152 fún nọ́ńbà ti òkè, àyà wọn á já. Wọn á tún un so, ó di 161. Wọn á tún un so, 168. Nígbà tí a bá fi máa pè, apá ti ń ro wọ́n, ẹ̀rù sì ti gba gbogbo ara. Ọjọ́ kan ni wọ́n dá mi lóhùn pé, "Ṣé èmi lẹ ń kí ni, àbí ẹ̀rọ yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo ń rí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, aláìsàn ni wọ́n ń bá wí: má jẹ iyọ̀, máa rìn, lo oògùn rẹ. Tèmi, àwa ọmọ ni mo kọ ọ́ sí, àwa ìyàwó ilé, àwa àbúrò, àti àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkèèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa gan-an là ń kó àìbalẹ̀ ọkàn wọlé tọ àgbàlagbà lọ, tí a sì rò pé ìtọ́jú là ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ìrònú parí sí, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀

Tí wọ́n bá ti ní ẹnìkan ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílẹ̀ wa, ohun tí àwọn èèyàn á fi tì í ni "ó ń ronú jù." Òótọ́ wà níbẹ̀, kò kàn pọ̀ tó bí a ṣe rò ni. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, BP á gòkè. Bí ẹ̀rù náà bá ti lọ, á sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Èyí tó ń jẹ́ àìsàn ni èyí tó gòkè tí kò sọ̀ mọ́, ìyẹn sì ní ìdí tirẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń le bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iyọ̀ àjẹjù, ara tó sanra, ọtí, àjogúnbá, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kí ló kan ẹbí nínú èyí? Ẹni tó bá gbà pé ìrònú nìkan ló fà á, ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn ló máa pa oògùn tì, nítorí lójú tirẹ̀, ohun tó fa àìsàn ti lọ. Ẹbí tó bá gbà bẹ́ẹ̀ náà, "Bàbá, ẹ yé ronú" nìkan ló máa ń wà lẹ́nu wọn, àfi bí ẹni pé ìrònú jẹ́ iná tí wọ́n lè pa lára ògiri. Ọ̀nà tí àníyàn fi ń ṣe ẹlẹ́jẹ̀ ríru níjàm̀bá jù ni pé kì í jẹ́ kó sùn, ó ń mú kó gbàgbé oògùn tàbí kó sá fún un, ó ń mú kó jókòó sínú ilé, ó sì ń sún àwọn mìíràn dé ìdí ìgò. Ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ẹbí ti wúlò.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà náà pẹ̀lú. Ti òkè ni agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi láàárín lílù méjì. Ní ilé ìwòsàn, 140/90 sókè, tí wọ́n rí ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nílé, níbi tí ara ti máa ń rọ̀, 135/85 ni wọ́n fi ń ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n ibi tí dókítà fẹ́ kí BP arúgbó ẹni ọdún 85 wà lè yàtọ̀ sí ti ẹni ọdún 62. Ẹ bi í, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má fi ti ìyá aládùúgbò díwọ̀n ti ìyá yín. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ tí BP wọn ga, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Orí tó ń fọ́ tàbí tí kò fọ́ kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbọ́ ohun tí ara ń bá ẹnu sọ

Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà wa jókòó kó sọ pé àníyàn ń dà mí láàmú. Ara ni wọ́n máa ń gbà sọ ọ́. "Àyà mi ń já." "Orí mi gbóná." "Nǹkan ń rìn mí lára yìrìyìrì." "Oorun ò kun ojú mi." Ẹ má sáré sọ pé BP ni, ẹ má sì sáré sọ pé ìrònú ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí àyà tó ń lù kìkì lè jẹ́ ọkàn tí kò lù déédéé, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, ó sì lè jẹ́ oògùn kan ló fà á. Bí dókítà bá ti wo ìyẹn tán, ọ̀rọ̀ ọkàn wá di ohun tí a lè bá wọn sọ láìfojú fo àìsàn mìíràn.

Bí ẹ ṣe máa béèrè ló ṣòro. "Kí ló ń ṣe yín?" kì í mú nǹkan jáde ju "kò sí nǹkan kan, mo dúpẹ́" lọ. Èmi ti rí i pé ìgbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu máa ń yọ̀: tí a bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, tí a bá jọ ń ká aṣọ, tí a bá jọ wà nínú mọ́tò. Ìbéèrè tó ṣílẹ̀kùn fún mi ni, "Tí ẹ bá ta jí lóru, kí ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín?" Màmá ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ikú kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Kí wọ́n máa wẹ̀ mí ni." Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ìjọ ni rọpárọsẹ̀ kọ lù, tó dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé ìyàwó ọmọ ló ń tọ́jú ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí nínú nọ́ńbà 161 nìyẹn, àwa sì rò pé nọ́ńbà lásán ni.

Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Àdúrà ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń sọ pé a ò fẹ́ gbọ́. Ẹ dá wọn lóhùn ní tààrà: oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ yìí gan-an ló ń dín ewu rọpárọsẹ̀ kù, ìdí tí dókítà fi kọ ọ́ fún yín nìyẹn. Kí ẹ sì béèrè pé, bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹ nílò ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́, ta lẹ máa fẹ́ kó jẹ́? Ẹnu yà mí bí ìbéèrè yẹn ṣe fún wọn ní ìsinmi. Wọ́n ti ní ìdáhùn sẹ́yìn ọ̀fun tipẹ́, kò kàn sí ẹni tó bi wọ́n ni.

Àwọn ẹ̀rù mìíràn wà tí ó tún máa ń farapamọ́: owó oògùn tó ń lọ sókè, ọmọ tí kò tíì lọ́kọ, ọkọ tó kú tí àwo rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ilé tó dákẹ́ jù. Bí àníyàn bá wà lọ́pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn tàbí kí wọ́n jáde, tí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ wọn mọ́, ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú ẹnu yín. Ìtọ́jú wà fún un. Tí ẹ bá sì ń gbọ́ "ó ti sú mi, ayé yìí ti tó", ẹ béèrè gbangba bóyá ó máa ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fòpin sí i. Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún ẹ̀rọ ní àkókò tirẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sínú àpótí

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbúnwọ́ ló dára, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá gbọ́dọ̀ bá apá mu. Èyí tó kéré fún apá tó sanra á fi BP hàn ju bó ṣe rí lọ, á sì dá ẹ̀rù sílẹ̀ lásán.

Kí wọ́n tó wọn ọ́n, kí wọ́n ti lọ tọ̀. Kí wọ́n má mu kọfí, kí wọ́n má jẹ obì, kí wọ́n má sì mu sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kí aṣọ má sí láàárín apá àti ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó máa dúró lé wọn lórí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ilé kì í rántí. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé.

Ìgbà mélòó? Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ dókítà, àárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, àti ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje. Ẹ má ka ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ara ò tíì mọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yòókù, ẹ tẹ̀lé iye tí dókítà bá sọ. Fún ẹni tí tirẹ̀ ti dúró sójú kan, kì í sábà jẹ́ ojoojúmọ́. Nílé tiwa, àdéhùn tí a ṣe ni pé nọ́ńbà tó bá ga kì í ṣe ìdí láti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí kò bá sí àmì ewu tí mo máa tó sọ nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń padà sínú àpótí, àpótí ń padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń fi ti ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi bínú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní a ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Ó ti gbà báyìí.

Ìwé yẹn wúlò lọ́nà mìíràn. BP ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń ga nílé ìwòsàn ju ti ilé lọ: òórùn ọsibítù, aṣọ funfun, àti ìlà tí wọ́n ti tò sí láti ìdájí. Dókítà tó bá rí nọ́ńbà ilé kò ní fi ti ìlà yẹn nìkan gbé oògùn sókè. Bí òòyì bá sì ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dìde, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìjókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ti dúró. Bí ti òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni, nítorí ìṣubú lè ṣe arúgbó ní jàm̀bá bíi ti àìsàn fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pín iṣẹ́, kí aláìsàn wà níbi ìpàdé

Lọ́dún 1954, níbi tí kò jìnnà sí ilé wa, ní Àrò, Dókítà Adéoyè Lambo dá ohun kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé wá wò. Kàkà kí wọ́n ti àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́ inú ọgbà, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa sè fún un, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ẹbí kò wá kí wọn kó sì máa lọ. Ara ìtọ́jú ni ẹbí jẹ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí àwa ọmọ mẹ́ta bá ń fi fóònù pàṣẹ, tí kò sí ẹnìkan nínú wa tó jókòó ti Màmá.

Ẹ ṣe ìpàdé kan, lójúkojú tàbí lórí fídíò. Ẹni tí BP rẹ̀ là ń sọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun náà ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó ń mú àgbàlagbà fòyà bíi kí àwọn ọmọ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa rẹ̀ ní yàrá kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín in: ẹnìkan fún owó oògùn, kó sì rà á nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó tán, kì í ṣe lọ́jọ́ tó tán, ẹnìkan fún bíbá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹnìkan fún ìwé BP. Bí owó oògùn bá ti ń ju agbára lọ, ẹ sọ fún dókítà, nítorí oògùn tó rọjú tó sì ń ṣiṣẹ́ wà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn sẹ́ntà ìlera kan ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru láti 2020 lábẹ́ ètò ìjọba, nítorí náà kì í ṣe ọsibítù ńlá nìkan ló yẹ kí ẹ máa fojú sí. Fún àwọn tó wà nítòsí Ìbàdàn, UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì níbẹ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbà nìkan, tí wọ́n ṣí ní 2012.

Ẹnìkan sì ni kí ẹ yàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ju kó máa bá wọn ṣeré. Kò gbọ́dọ̀ béèrè BP rárá. Nínú ilé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń pè láti sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin tó ti já sílẹ̀. Ìpè yẹn ni Màmá ń dúró dè báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú Màmá lójoojúmọ́, tó ń bá wọn jí lóru, kò nílò fídíò tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ ayélujára nípa àgbo àti ewé. Ó nílò ọjọ́ ìsinmi. Ẹ san owó ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ fún ìparí ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, kí ẹ sì béèrè BP tirẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oògùn, láìsí ariwo

Ẹ so oògùn mọ́ ohun tí wọn kì í gbàgbé: fífọ eyín, tíì àárọ̀, ìrun àsùbáà. Àpótí oògùn oní-ọjọ́-méje dára ju kí ẹ máa pè láti bi wọ́n ṣé wọ́n ti lò ó.

Bí ẹ bá rí oògùn tó ṣẹ́kù, ẹ má jágbe. Ẹ béèrè: "Èwo nínú wọn lẹ kì í fẹ́ lò, kí ló ń ṣe yín?" Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá kì í lo èyí tó ń mú wọn tọ̀, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọ wọn jìnnà, ojú sì ń tì wọ́n láti máa dìde nígbà ìwàásù. Ọdún kan gbáko la fi ń pe ìyẹn ní orí kunkun. Dókítà ní kí wọ́n máa lò ó tí wọ́n bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ parí. Nínú àwọn oògùn BP, amlodipine lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, lisinopril lè mú ikọ́ gbígbẹ wá. Dókítà lè yí wọn padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn mẹ́ta tó máa ń yọ́ wọlé. Àkọ́kọ́ ni oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí wọ́n máa ń rà ní kẹ́míìsì fún orúnkún: ó lè gbé BP sókè, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Èkejì ni àgbo, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú, kó mọ ohun tí ń bẹ nínú ara. Ẹ̀kẹta ni oògùn oorun bíi Valium àti Lexotan. Àwọn àgbàlagbà máa ń gba èyí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ó ń mú arúgbó ṣubú lóru, ó ń da ọpọlọ rú, ó sì ń di bárakú. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a lójijì; dókítà ló máa fi díẹ̀díẹ̀ yọ ọ́.

Ẹni tó fẹ́ gba àwẹ̀, yálà Ràmádáànì tàbí ti ìjọ, kó rí dókítà ṣáájú, kí wọ́n tún àkókò oògùn tò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìkòkò kan náà

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má pé gíráàmù 5, ìyẹn ò tó ṣíbí ìmutíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú Maggi, búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀ àti indomie. Káún tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà wà nínú ìṣirò yìí náà, nítorí sodium tó wà nínú iyọ̀ wà nínú káún. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ má se ọbẹ̀ "aláìsàn" lọ́tọ̀. Àwo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ máa ń sọ fún èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ pé kò sí lára ẹgbẹ́ mọ́. Ẹ dín iyọ̀ gbogbo ilé kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ata, àlùbọ́sà, ẹfinrin àti irú tí kò ní iyọ̀ gbé adùn rẹ̀ sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á ti gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wọlé, ohun gbogbo la máa ń gbà: ẹ má gbálẹ̀, ẹ má lọ sọ́jà, ẹ má lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan ju kó jókòó lọ, ara rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, máa ń mú BP wálẹ̀, ó sì ń mú oorun wá. Kí ó jẹ́ ìrìn tó ní ibi tó ń lọ: kí wọ́n lọ kí ìyá kan ládùúgbò, kí wọ́n lọ ra ata.

Fún ìgbà tí àyà bá ń já, ẹ kọ́ wọn ní mímí jẹ́jẹ́. Kí wọ́n fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé dé ikùn títí wọ́n á fi ka mẹ́rin, kí wọ́n tú u jáde títí wọ́n á fi ka mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ jọ ṣe é. Bàbá kan tí mo mọ̀ ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣe é, ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èémí kan, kò sì mọ̀ pé dókítà ń kọ́ àwọn èèyàn ní nǹkan tó jọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìròyìn tí ẹ fẹ́ fi pamọ́

Èyí ló ń fa àríyànjiyàn jù láàárín ẹbí. Àbúrò Màmá kú ní Ṣàgámù, gbogbo wa sì fohùn ṣọ̀kan: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́, BP wọn." Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi pa á mọ́. Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, fóònù ń dún tí a ń sáré gbé e jáde síta. Àwọn àlejò ń wá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Màmá ò sùn. Wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn ń kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ẹni tí kò sí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ pé àbúrò mi tó wà ní Manchester ni wọ́n rò pé ó kú.

Mo ti gbà báyìí pé ìròyìn burúkú yẹ kó dé etí wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe máa dé ni ká tò. Kí ó jẹ́ ọ̀sán, kì í ṣe alẹ́. Kí wọ́n ti jẹun, kí wọ́n ti lo oògùn wọn. Kí ẹni tí wọ́n fọkàn tán jókòó tì wọ́n, kó di ọwọ́ wọn mú. Kí ó má jẹ́ fóònù. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀ ("ara Àǹtí ò yá láti ìjẹta"), ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tẹ̀lé e nínú ìjókòó kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún. BP lè gòkè lákòókò yẹn, ẹ má tìtorí ẹ̀ sáré lọ gbé ẹ̀rọ. Kí ẹnìkan sùn lọ́dọ̀ wọn fún alẹ́ mélòó kan, kí oògùn má sì yẹ̀. Bí ọkàn wọn bá ti ní àrùn tẹ́lẹ̀, ẹ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ mọ ìgbà tí eré parí

Bí ẹ̀rọ bá ka 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá wà pẹ̀lú àyà dídùn, èémí tí kò délẹ̀, ojú tó ṣú, tàbí ọ̀rọ̀ tó ń dàrú, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má jókòó sílé máa bára yín jiyàn bóyá ìpayà ni tàbí ọkàn; kì í ṣe ilé la ti ń mọ̀ ọ́n.

Rọpárọsẹ̀ kì í dúró de nọ́ńbà kankan. Ẹ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ẹ ní kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè: ṣé ọ̀kan ń já bọ́? Ẹ ní kí wọ́n tún gbólóhùn kan sọ: ṣé ó ń fà? Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbéra, kí ẹ sì kọ aago tí ara wọn ṣì dá gbẹ̀yìn sílẹ̀, nítorí dókítà máa béèrè. Ẹ má fi oògùn BP sábẹ́ ahọ́n, ẹ má fún wọn ní ìlọ́po méjì, ẹ má rọ omi tàbí epo sí wọn lẹ́nu, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún wọn níka. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé lè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí pẹ̀lú orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò, nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò, àti ilé ìwòsàn tí ẹ ti fẹnu kò lé lórí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ dánra wò. Tiwa pè mí lójú Màmá ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni pé òótọ́ ni. Mo gbọ́ Màmá lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Sọ fún un pé mo ń kí i. Kó má béèrè BP o, Sátidé ò tíì tán."